Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Òkè Òkun Ṣe Ìwádìí Ìlera Láti Àkúrẹ́, Tí Ẹ Kò Sì Ní Di Ẹni Tí Ń Gba Ẹ̀jẹ̀ Ránṣẹ́ Lásán

Nọ́ọ̀sì kan dá mi dúró ní Alágbàká lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń bọ́ sínú ìwádìí tí àwọn òyìnbó ń ṣe yìí?" Kí n tó délé, olùkọ́ kan láti FUTA ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, ìbéèrè yẹn kan náà ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ pápá fún oríṣiríṣi ìwádìí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì ti sú mi láti máa dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn náà rèé lódindi.

Ohun tí mo mọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ rí gbà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kó ti wà lórí ìwé kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó kan apá ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì, dókítà, apòògùn, òṣìṣẹ́ láàbù, olùkọ́ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ládùúgbò ni mo kọ ọ́ fún. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ fò lọ sí Ìgbésẹ̀ 6, kí ẹ kà á bí ẹni tó jókòó ní òdìkejì tábìlì.

Ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀

- Ilé iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn yín: ilé ìwòsàn, yunifásítì, tàbí ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Tí ẹ kò bá ní, ìdáhùn wà nísàlẹ̀.
- Nọ́ḿbà ORCID. Ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, nọ́ḿbà 16 ni wọ́n máa fún yín. Òun ló ń jẹ́ kí ayé mọ̀ pé Adébáyọ̀ yìí kọ́ ni Adébáyọ̀ yẹn.
- Ìwé ẹ̀rí ẹ́tíìsì, ìyẹn ìlànà tó ń dáàbò bo ẹni tí a ń ṣe ìwádìí lára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ TRREE wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní apá tó dá lórí òfin Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ ìwádìí oògùn, ẹ fi ìwé ẹ̀rí GCP, ìlànà bí a ṣe ń ṣe ìwádìí oògùn dáadáa, kún un; The Global Health Network ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́.
- Ìtàn iṣẹ́ yín (CV), ojú ìwé méjì péré. Ẹ má fi ibi tí ẹ ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.
- Àdírẹ́sì ímeèlì ilé iṣẹ́. Èyí tí ẹ ń lò láti ìgbà ìwé mẹ́wàá, tó ní "fineboy" nínú, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ohun tó wà nílé

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé òkè òkun ló máa mú ìbéèrè wá, tiwa sì ni ká dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni sà". Ẹ wo Ọ̀wọ̀. Láti oṣù Kẹrin 2018 sí oṣù Kẹta 2020, FMC Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ALIMA, ẹgbẹ́ oníṣègùn tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Áfíríkà, àti Inserm, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ilẹ̀ Faransé, tẹ̀lé aláìsàn ibà Lassa 510 láti ọjọ́ tí wọ́n wọ ilé ìwòsàn. Méjìlélọ́gọ́ta nínú wọn kú. LASCOPE ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Global Health ní 2021. Ẹ wo ohun tí Ọ̀wọ̀ ní. Ibà Lassa ti wà níbẹ̀ ní tiwọn, wọ́n ń gba aláìsàn, wọ́n ní káàdì, wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó mọ bí a ṣe ń wọ aṣọ ìdáàbòbò àti bí a ṣe ń bọ́ ọ. Ìyẹn ni wọ́n gbé ka tábìlì.

Kí ni tiyín? Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo:

1. Aláìsàn mélòó, irú àìsàn wo, lóṣooṣù? Ẹ kà á nínú rẹ́jísítà, ẹ má fojú díwọ̀n.
2. Ọdún mélòó ni rẹ́jísítà yín ti wà láìfo oṣù kankan?
3. Fíríìjì wo lẹ ní, báwo ló ṣe ń tutù tó, iná wákàtí mélòó lẹ ń rí lójúmọ́, ta ló sì ń ra epo jẹnẹrétọ̀?
4. Ta ló mọ èdè àdúgbò? Ẹni tó gbọ́ Ìlàjẹ yàtọ̀ sí ẹni tó gbọ́ Àkókó.
5. Ìbéèrè wo ló ń jẹ yín lọ́kàn lórí iṣẹ́ yín tí ẹ kò rí ẹni dá a lóhùn?

Ẹ má purọ́ níbi iná. Ẹni tí ẹ purọ́ fún lórí iná ló máa fi fírísà ránṣẹ́ sí yín.

Mo mọ agbẹ̀bí kan ní abúlé kan lọ́nà Ìdànrè tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ aláboyún rẹ̀ kò fo ọjọ́ kan fún ọdún méje. Bíróò pupa fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, búlúù fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nígbà tí àlejò kan ṣí ìwé náà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Kò sí ìwé ìròyìn ìṣègùn kankan tí agbẹ̀bí yẹn ti kọ nǹkan sí rí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ẹni tó bá ìbéèrè yín mu

Ẹ wá àròkọ ìwádìí tó jáde láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lórí ohun tí ẹ ń wá. PubMed, ìkànnì tí a ti ń wá àròkọ ìṣègùn, jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ lọ bá ilé ìkàwé yín, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n wà nínú Hinari ti Research4Life, ètò tó ń ṣí irú àròkọ bẹ́ẹ̀ fún ilé ìkàwé. Ẹ ka apá tí wọ́n ti sọ ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wà.

Kí ẹ tó kọjá odò, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. UNIMED, yunifásítì ìṣègùn ní Oǹdó, FMC Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ńlá Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ACEGID (ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn tí wọ́n ti sọ di IGH) ní Redeemer's University ní Ẹdẹ: gbogbo wọn ló ti ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú òkè òkun. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọn wọlé máa ń yára ju ẹni tó dá kanlẹ̀kùn lọ. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì lẹ́yìn odi náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń wá ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ tẹ̀ nílé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ rèé:

- Ìlà 1: ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí ẹ ń ṣiṣẹ́.
- Ìlà 2: ohun kan pàtó tí ẹ rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹni tí kò kà á kò lè mọ̀.
- Ìlà 3: ohun tí ẹ ní, pẹ̀lú iye. "Aláboyún 90 lóṣooṣù, rẹ́jísítà ọdún méje."
- Ìlà 4: ìbéèrè yín.
- Ìlà 5: ẹ bèèrè ogún ìṣẹ́jú lórí fóònù. Ẹ má tíì bèèrè owó, ẹ má bèèrè físà.

Ẹ kọ sí ẹni mẹ́ta, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Tí wọn kò bá fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Má bínú, "Dear Esteemed Professor, compliments of the season" ni wọ́n máa ń pa rẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ aago

Aago tiwa kì í yí, tiwọn ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni Àkúrẹ́ àti London ń lò. Tó bá ti kọjá ìyẹn, London á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Paris, Geneva àti Hamburg bá wa dọ́gba nígbà òtútù wọn, wọ́n á sì fi wákàtí kan ṣíwájú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. New York ń fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà tẹ̀lé wa lẹ́yìn, ọjọ́ tí aago tiwọn sì ń yí kò bá ti Yúróòpù mu.

Mo jẹ ìyà rẹ̀ rí. Ìparí oṣù Kẹwàá ni. Mo dáná jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mo jókòó síwájú Zoom fún odidi wákàtí kan, èmi nìkan. Ìgbà tí wọ́n wọlé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń kí mi, ni epo tán.

Ẹ máa kọ aago méjèèjì sínú lẹ́tà ìpè, tiwa àti tiwọn. Nínú ìpàdé náà, ẹ má jẹ́ kó parí kí ẹ tó mọ ohun mẹ́ta: ta ló máa san owó, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ fi ìwé béèrè owó náà sílẹ̀, àti ta ni alákòóso iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Tí wọ́n bá ní "a máa jíròrò ìyẹn tó bá yá" lórí ìkẹta, ẹ fi àmì sí i.

Ìgbésẹ̀ 4: Àdéhùn

Ibí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ti fi ara pa. Ní ọdún kan, a ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Oṣù mẹ́rìnlá la fi gba ẹ̀jẹ̀, nínú òjò, lórí ọ̀kadà. Àròkọ náà jáde. Mo wá orúkọ wa. Mo rí i ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́: "àwọn òṣìṣẹ́ pápá". A ò lè jà, torí pé a ò fọwọ́ sí nǹkankan. Ẹnu la fi ṣe gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn dáhùn àwọn wọ̀nyí, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Orúkọ. Òfin ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn, tí àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá ń tẹ̀ lé, ní kókó mẹ́rin: kí èèyàn kó ipa gidi nínú ètò tàbí àkójọ tàbí ìtúpalẹ̀ iṣẹ́, kó bá wọn kọ ọ́ tàbí kó yẹ̀ ẹ́ wò kíníkíní, kó fọwọ́ sí èyí tó máa jáde, kó sì gbà láti dáhùn fún un. Ẹ kíyè sí ìkejì. Ẹni tó kó ẹ̀jẹ̀ jọ tí wọn kò fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí kò lè pé mẹ́rin. ICMJE fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá pé ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rí àyè ṣe ìyókù. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé: "wọn yóò fi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn wọ̀nyí", kí ẹ to orúkọ wọn.
2. Ẹ̀jẹ̀ àti ohun mìíràn tí a gbà lára èèyàn. Ibo ló ń lọ, kí ni wọ́n máa fi ṣe, ọdún mélòó, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tó bá kù? MTA ni wọ́n ń pe ìwé yìí. Láìsí i, kí ohunkóhun má kọjá pápá ọkọ̀ òfuurufú.
3. Détà, ìyẹn gbogbo àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ kó jọ. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ kìíní. Tí ẹlòmíràn bá fẹ́ lò ó, ta ló máa fọwọ́ sí i?
4. Owó. Iye, ọjọ́, àti ẹni tó máa gbé àdánù tí owó náírà bá yí.
5. Ẹ̀kọ́. Ta ló ń lọ kọ́ṣẹ́, ta ló ń wá kọ́ni? Ẹ̀rọ tí wọ́n mú wá, ṣé wọ́n máa fi í sílẹ̀?
6. Àbájáde. Báwo lẹ ṣe máa padà lọ sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn?

Tí wọ́n bá ní àwọn kì í sábà kọ irú nǹkan báyìí, ẹ fi TRUST Code hàn wọ́n, ìlànà ìbálò tó tọ́ láàárín olùṣèwádìí ilẹ̀ olówó àti ti ilẹ̀ tí kò lówó. Láti 2018 ló ti wà, àwọn tó ń fúnni lówó ní Yúróòpù sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ fi ẹ̀rín músẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò pọn dandan kéèyàn jà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé àṣẹ

Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó, ẹ má fo ọ̀kankan:

1. Ìwé ètò ìwádìí tó ti parí, fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí, ìbéèrè tí ẹ máa bi èèyàn, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá.
2. Ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì ilé iṣẹ́ yín. UNIMED àti FMC Ọ̀wọ̀ ní tiwọn. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ tàbí ìlera ìbílẹ̀, ìgbìmọ̀ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ní Àkúrẹ́.
3. Tí iṣẹ́ bá kan ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ NHREC, ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì ti orílẹ̀-èdè ní Abuja, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti ìgbìmọ̀ sí ìgbìmọ̀.
4. Tó bá jẹ́ pé oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ fẹ́ dán wò, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.
5. Ìwádìí oògùn tún gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbangba kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. PACTR ti Áfíríkà wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Tí ẹ bá pẹ́ lọ́jọ́ kan péré, ìwé ìròyìn tó dára lè kọ̀ ọ́.
6. Ẹgbẹ́ òkè òkun á gba tiwọn ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àṣẹ tiwọn kò dípò tiwa.

Ẹ ka lẹ́tà àṣẹ dópin. Ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, ọdún kan ló sábà máa ń jẹ́. Gbogbo fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ gbé nọ́ḿbà tí ìgbìmọ̀ fún yín àti ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ ìparí náà sára ògiri ọ́fíìsì, ẹ fi oṣù méjì ṣáájú rẹ̀ béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá gbà lọ́jọ́ kejì tí àṣẹ kú, ẹ kò lè lò ó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìfọwọ́sí, ní Yorùbá tí èèyàn ń sọ

Òfin ìlera ti 2014 sọ pé a gbọ́dọ̀ sọ ìdí ìwádìí fún èèyàn, ká sọ ire àti ibi tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó sì fọwọ́ sí i lórí ìwé. Òfin ti sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù.

Màmá kan ń fọ́ kókó lábẹ́ ọsàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù olójú ìwé méje fún un. "Ìwádìí yìí", "ìwádìí náà", "àwọn tó ń ṣe ìwádìí". Màmá fi àdá lélẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó wò mí. "Ọmọ mi, ta ló jí nǹkan?"

Kò sí ohun tó ṣe màmá. "Ìwádìí" ni iṣẹ́ ọlọ́pàá létí ọ̀pọ̀ èèyàn. "Ìdánwò oògùn" burú jù ú lọ: ìdánwò ni ohun tí a ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń sọ ni: "A fẹ́ mọ ìdí tí ibà fi ń padà sára àwọn ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn. A ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi wá bá yín."

Bí mo ṣe ń sọ ìyókù rèé:

- Iye ẹ̀jẹ̀. "Mililita márùn-ún" kò yé ẹnikẹ́ni. Ṣíbí tíì kan ni. Ẹ mú ṣíbí náà lọ, ẹ mú ìgò láàbù lọ, kí wọ́n fọwọ́ kàn án.
- Ibi tó ń lọ. Ẹ dárúkọ ìlú. "A máa gbé e lọ sí Ẹdẹ, lẹ́yìn náà Hamburg ní Jámánì." Ẹni tó bá fi í pamọ́ ni wọ́n máa fura sí pé ó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣowó.
- Kí a pín èèyàn sí ọ̀nà méjì. "Bí ìgbà tí a ṣẹ́ kèké. Èmi kọ́ ni mo máa yan èyí tí ẹ máa gbà, dókítà náà kò sì lè yàn án."
- Oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má pè é ní "oògùn kejì".
- Ẹ̀tọ́ láti kọ̀. "Tí ẹ bá ní rárá, tàbí tí ẹ bá ní rárá lọ́la, ìtọ́jú yín níbí kò ní yí." Kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wa kì í fẹ́ dójú ti àlejò. Wọ́n lè gbà torí pé ẹ kí wọn dáadáa. Mo máa ń ní kí wọ́n sùn lé e lórí, kí n padà wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹ sọ padà. Tó bá ní "ẹ fẹ́ wo ibà mi sàn", kò tíì yé e.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tuntun. Kábíyèsí tàbí baálẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ẹ tó wọ ìlú, ṣùgbọ́n "Kábíyèsí ti gbà" kì í ṣe ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Ìyàwó ilé ló máa fọwọ́ sí tirẹ̀. Tó bá fẹ́ bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ẹ fún un láyè, àmọ́ ọkọ kò lè fọwọ́ sí i fún un. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ àtàǹpàkò, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara yín á sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ kù sọ́wọ́ wọn.

Lórí ìtumọ̀: ẹnì kan túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ padà. Níbi tí méjèèjì kò ti bára mu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tí ẹ bá ń lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọmọ Ìlàjẹ ni kí ẹ gbà síṣẹ́. Yorùbá ìwé kò tó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ̀jẹ̀, fírísà àti détà

Ẹ̀jẹ̀ lásán tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú àmì UN3373. Yìnyín gbígbẹ ní àmì tirẹ̀, UN1845. Ohun tí ẹ bá fura pé ó ní Lassa nínú wà ní ìpele tó le jù. Ẹ má fọwọ́ ara yín dì í láéláé, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, tí kò tíì ju ọdún méjì lọ ló lè ṣe é.

Fírísà: ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, iná lọ lọ́jọ́ Ẹtì ọdún Àjíǹde, kò dé títí di ọjọ́ Ajé. Ìgbà tí a ṣí i, gbogbo rẹ̀ ti dì padà, ó ń dán, bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà: mo máa ń di omi nínú kọ́ọ̀pù, màá fi owó wẹ́wẹ́ kan lé orí yìnyín náà, màá gbé e sínú fírísà. Tí mo bá dé tí owó náà ti rì, mo mọ̀ pé ó yọ́ nígbà tí n kò sí nílé. Kò dípò ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n òtútù sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kì í purọ́.

Détà: KoboToolbox, áàpù tí a fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ lè fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá dé ìgboro. Nọ́ḿbà ni kó wà lórí fọ́ọ̀mù, kí orúkọ má sí. Ìwé tó so nọ́ḿbà pọ̀ mọ́ orúkọ, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹ má fi ya fọ́tò sórí WhatsApp. Òfin ààbò détà ti 2023 kan ọ̀rọ̀ nípa èèyàn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ìgbésẹ̀ 8: Owó

Kí ẹ tó kọ ìṣirò kankan, ẹ rí bọ́sà, olùtọ́jú owó ilé iṣẹ́ yín. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé, TSA ni wọ́n ń pè é, jíjáde rẹ̀ sì lè pẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ṣèlérí ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

- Owó ìjọba Amẹ́ríkà: ilé iṣẹ́ yín nílò UEI, àmì ìdánimọ̀ 12, lórí SAM.gov, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá DUNS, nọ́ḿbà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ ti pẹ́. Ó ti kúrò níbẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2022. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíákíá, ó lè gba oṣù bíi mélòó kan.
- Ní oṣù Karùn-ún 2025, NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ń dá ètò dúró níbi tí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ti ń gba owó tuntun tí wọ́n á wá pín fún ẹgbẹ́ òkèèrè, títí ètò mìíràn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá wà lábẹ́ òun bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà.
- Owó Yúróòpù, pàápàá Global Health EDCTP3, ètò owó ìwádìí ìlera tí Yúróòpù bá Áfíríkà ṣe: ilé iṣẹ́ yín nílò PIC, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ oní-nọ́ḿbà 9.
- Owó ìṣàkóso ilé iṣẹ́: NIH ń san ìdá 8 nínú 100 fún òkèèrè, Horizon Europe, ètò owó ìwádìí Yúróòpù, ń san 25. Ẹ béèrè tiyín, òun ló ń ra epo.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì: dísẹ́ẹ̀lì, dátà fóònù, owó ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì, ìtumọ̀ èdè, owó ọkọ̀ fún àwọn tó wá, owó tí báńkì ń yọ, àti ìrìn àjò ìkẹyìn láti lọ sọ àbájáde.

Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

Kíkó ọ̀gá méjìlá sórí ìwé torí ọ̀wọ̀, tí kò sí ẹni tó máa ṣiṣẹ́. Gbígbà gbogbo ohun tí òyìnbó bá sọ nínú ìpàdé, kí a wá máa kùn ní kọ́rídọ̀. Fífi ọjọ́ tí kò ṣeé ṣe sílẹ̀: ẹni tó bá fi ìrìn àjò sí abúlé sínú oṣù Kẹsàn-án kò tíì rí ojú ọ̀nà wa lásìkò òjò. Fífún òṣìṣẹ́ pápá ní owó lórí iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà. Ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀ náà á jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Àti sísọ fún aráàlú pé "a máa padà wá", láìfi owó epo sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ kò bá ní ilé iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn yín

Ẹ lọ bá ẹ̀ka kan ní UNIMED tàbí FUTA, kí ẹ ní kí wọ́n gbà yín bí alábàáṣiṣẹ́, kí ìwé sì wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ àdúgbò, iṣẹ́ tó wà fún yín ni ti mímọ aráàlú: títúmọ̀, sísọ ọ̀rọ̀ fún ìlú, jíjókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba olùṣèwádìí nímọ̀ràn. Owó wà fún un, ẹ má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ́jísítà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn. Ẹ gba àṣẹ ẹ́tíìsì, ẹ tẹ ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ẹ fi ìlà mẹ́ta sọ ohun tí ẹ rí. Nǹkan tí ẹ máa fi ránṣẹ́ nínú ìlà kẹta lẹ́tà Ìgbésẹ̀ 2 nìyẹn.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì kọ̀wé sí yín pé wọ́n ti yàn yín fún owó ìwádìí, pé kí ẹ san "owó ìforúkọsílẹ̀" díẹ̀ kí ó tó wọlé, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì, torí ó dájú pé wọ́n ti fi ránṣẹ́ sáwọn náà.